Kúílìtì Kékeré Láti Inú Àkékù Aṣọ: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Àwọn Ọgbọ́n Tuntun Tó Yẹ Ká Dán Wò

Kò sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Òṣogbo, láti Òkè-Fìà dé Ọjà Ìgbọ̀nà, tí àpò àkékù kì í sí lábẹ́ tábìlì ibẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ìró àti bùbá oníbàárà tán, àǹkárá tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ á ṣẹ́kù, etí kàm̀pálà á ṣẹ́kù, àdìrẹ tí kò tó fi ṣe àpò ṣòkòtò á ṣẹ́kù. Ìdí ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Bí ègé kan bá ti fẹ̀ tó ínṣì 4 lóòró àti níbùú, ó ti wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ bá aránṣọ àdúgbò yín sọ̀rọ̀ kó máa kó tiwọn pamọ́ fún yín.

Aṣọ onípele mẹ́ta ni kúílìtì. Ojú rẹ̀ ni àkékù tí a rán pọ̀. Inú rẹ̀ ni aṣọ tó nípọn díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni aṣọ ẹyọ kan tó tẹ́jú. A ó wá fi ìrán la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí wọ́n lè di ọ̀kan. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kú egúngún dáadáa ti rí iṣẹ́ àkékù rí, torí oríṣiríṣi aṣọ ni wọ́n rán mọ́ra níbẹ̀. Ìpele àárín àti ìrán tó dè é ló kù tí a ó kọ́.

Èyí tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín fẹ̀ ní ínṣì 22 lóòró àti níbùú, ìwọ̀n tó tó tẹ́ sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀. Ẹ má fojú kéré ìwọ̀n yìí. Ó ń gba abẹ́ apá máṣíìnì kọjá láìsí wàhálà, aṣọ tí ẹ máa rà kò ju yáàdì kan lọ púpọ̀, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, àkékù ló bàjẹ́. Òfin kan wà tí ẹ má ṣe rú: ọgbọ́n tuntun kan ṣoṣo lórí ẹyọ kan. Bí ẹ bá da onígun mẹ́ta, aṣọ òkè àti ìrán kọ́rọkọ̀rọ pọ̀ sínú iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ náà wá wọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó wọ́ ọ nínú wọn.

Aṣọ tó yẹ

Àǹkárá òwú gidi ló dára jù. Kì í yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, bí ẹ ṣe ṣẹ́ ẹ ló ń wà. Bí kò bá dá yín lójú pé òwú ni, ẹ fa fọ́nrán òwú díẹ̀ jáde, kí ẹ fi iná sí i. Òwú gidi á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á wá di kóró dúdú tó le. Kì í ṣe pé pọ́líẹ́sítà kò ṣeé rán, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó láti tẹ òwú lè bà á jẹ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí méjèèjì bára gbé nínú bùlọ́ọ̀kù kan (ẹyọ onígun mẹ́rin tí a fi àkékù rán pọ̀).

Ẹ yọ léèsì, sátínì àti ṣífọ́ọ̀nù kúrò, àti ohunkóhun tó bá ń fà. Tó bá jẹ́ pé aṣọ ẹni ọ̀wọ́n kan ni, tí ẹ kò fẹ́ kó ṣòfò, ẹ lẹ gọ́mù sítéè (aṣọ tó ní gọ́mù lójú kan, tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ aṣọ) mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Ohun kan náà ni aṣọ òkè ń fẹ́, nítorí ó ń tú létí. Àárín bùlọ́ọ̀kù nìkan ni kí ẹ fi aṣọ òkè sí. Níbi tí aṣọ òkè méjì bá ti pàdé, ojú ìrán á nípọn débi tí abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́.

Ẹ fọ gbogbo àkékù kí ẹ tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Àǹkárá tuntun ní sítáàṣì lára, ó sì ń sún kì díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá kan omi. Bí ọ̀kan bá ti sún kì tí ìkejì kò tíì sún, ọjọ́ tí ẹ bá fọ kúílìtì yín ni yóò hun jọ. Inú abọ́ ni kí ẹ ti fọ wọ́n, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ má fún wọn, kí ẹ sá wọn síbi òjìji.

Àdìrẹ aláró ló yẹ ká dúró lé lórí, torí Òṣogbo ìlú aró la wà. Ìpele-ìpele ni aró fi ń jókòó sára òwú. Èyí tí kò di òwú mú ló máa ń ṣí, tó máa ń ba funfun ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ rẹ aṣọ funfun kékeré sínú omi, ẹ fi nu àdìrẹ náà, ẹ wò ó. Bó bá ṣì ń di búlúù, ẹ tún àdìrẹ náà ṣan lómi, ẹ pààrọ̀ omi, títí omi á fi mọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ da iyọ̀ tàbí fínígà sí i. Iyọ̀ àti fínígà kò lè de aró tí kò di òwú mú; ṣíṣàn lómi léraléra nìkan ni oògùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín àkékù sí ọ̀nà méjì: èyí tó ṣú àti èyí tó mọ́. Pupa àti àwọ̀ ewé ń tan ojú jẹ. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán wọn, kí ẹ sọ àwòrán náà di dúdú-àti-funfun. Àwọn méjì tí ẹ rò pé wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn gan-an lè jẹ́ bákan náà níbẹ̀. Bí wọn kò bá yàtọ̀ nínú àwòrán yìí, bátànì yín kò ní hàn bí ẹ bá dúró ní ọ̀ọ́kán.

Ìwọ̀n gbogbo nǹkan

Bùlọ́ọ̀kù onílé mẹ́sàn-án (onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́sàn-án, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta) la máa rán, mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹ gé onígun mẹ́rin 36, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 3½ lóòró àti níbùú: 20 nínú èyí tó ṣú, 16 nínú èyí tó mọ́. Fún bọ́dà, ẹ gé ọ̀já méjì tó jẹ́ ínṣì 2½ sí 18½, àti méjì tó jẹ́ ínṣì 2½ sí 22½. Aṣọ ẹ̀yìn, ínṣì 27 lọ́nà méjèèjì. Aṣọ inú, bákan náà. Ìgbátí (ọ̀já tí a ó fi bo etí iṣẹ́ yí ká), ọ̀já mẹ́ta tó fẹ̀ ní ínṣì 2½, tó gùn dé ìbú aṣọ.

Àǹkárá tó fẹ̀ ní ínṣì 45 á ṣe ẹ̀yìn, bọ́dà àti ìgbátí láti inú yáàdì kan ṣoṣo bí ẹ bá fọgbọ́n gé e: ínṣì 27 àkọ́kọ́ fún ẹ̀yìn, ìyókù ìbú rẹ̀ fún bọ́dà, ínṣì 9 tó kù fún ìgbátí. Àmọ́ nítorí pé ó ń sún kì, ẹ ra yáàdì kan àti ìdámẹ́rin.

Aṣọ inú kò ní kó dà yín láàmú. Bùláńkẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó dára, flánẹ́ẹ̀lì dára. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àtijọ́ ìpele méjì fúyẹ́, ó sì bá ooru wa mu jù gbogbo wọn lọ. Ẹ má lo fóòmù: ó ń rún, kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀ tí a bá fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ aṣọ tí ẹ máa gbé ìkòkò gbígbóná lé lórí lẹ fẹ́ ṣe, kí òkè, inú àti ẹ̀yìn jẹ́ òwú pátápátá, torí pọ́líẹ́sítà á yọ́.

Ohun tó kù: máṣíìnì, abẹ́rẹ́ 14 fún rírán àkékù pọ̀ àti 16 fún rírán ìpele mẹ́ta, rúlà, ṣọ́ọ̀kì, sísọ́ọ̀sì tó mú, séfútì píìnì bíi 40, tépù oníbébà tí àwọn akunlé ń lò, áyọ́ọ̀nù. Bí NEPA bá mú iná lọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn rí i pé ẹ nu ìdí rẹ̀ sórí àkísà kó tó kan àkékù tó mọ́.

Ẹ gé páálí líle sí ínṣì 3½ géérégé, òun lẹ ó máa fi yàwòrán sẹ́yìn aṣọ. Inú ìlà ni kí ẹ gé, kì í ṣe ìta rẹ̀. Fífẹ̀ ìlà ṣọ́ọ̀kì nìkan tó láti sọ 3½ di nǹkan mìíràn. Bí etí páálí bá ti ń rún, ẹ gé tuntun. Kí ẹ̀gbẹ́ páálí máa tọ òró aṣọ lọ. Aṣọ tí ẹ bá gé ní báyáàsì, ìyẹn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sí òró rẹ̀, á máa fà.

Etí ìrán: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Etí ìrán tí aránṣọ ń fi sílẹ̀ nínú bùbá fẹ̀, nítorí kí wọ́n lè tú u lọ́la bí ara bá tóbi. Níhìn-ín, ìdámẹ́rin ínṣì (¼) ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí ẹ bá fi ìdá-mẹ́rìndínlógún ínṣì (1/16) péré ṣàṣìṣe, ojú ìrán kọ̀ọ̀kan á jẹ ìdámẹ́jọ (⅛), torí aṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Bùlọ́ọ̀kù onílé mẹ́sàn-án ní ojú ìrán méjì lóòró àti méjì níbùú. Ó ti dín ní ìdámẹ́rin ínṣì nìyẹn kí ẹ tó mọ̀, bọ́dà kò sì ní bá a mu mọ́.

Ẹsẹ̀ máṣíìnì Butterfly àtijọ́ kò bá ¼ mu, nítorí náà ẹ má fi etí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ẹ rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí rúlà ní ojú ¼, kí ẹ lẹ tépù oníbébà ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ojú irin níbi tí etí rúlà dé. Ògiri kékeré yẹn ni aṣọ á máa fẹ̀gbẹ́ ti.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ gé ọ̀já mẹ́ta tó fẹ̀ ní ínṣì 1½, ẹ rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọn ti àárín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 1 gééré. Bí kò bá pé, ìrán yín ti wọlé jù, ẹ sún tépù sún mọ́ abẹ́rẹ́. Bó bá lé, ẹ sún un sẹ́yìn. Ẹ má tíì fọwọ́ kan onígun mẹ́rin kankan títí àárín yẹn á fi pé.

Rírán ojú rẹ̀

1. Ẹ tún máṣíìnì ṣe kó máa rán bí ojú 12 nínú ínṣì kan. Fún bùlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, ẹ tò ó báyìí: ṣíṣú, mímọ́, ṣíṣú, mímọ́, ṣíṣú, mímọ́, ṣíṣú, mímọ́, ṣíṣú.

2. Ẹ fi aṣọ kojú síra, ẹ rán mẹ́ta mẹ́ta di ìlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 3½ sí 9½.

3. Ẹ tẹ etí ìrán sí apá aṣọ tó ṣú. Ní ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó máa dojú kọ ìta. Ní ìlà àárín, ó máa dojú kọ inú. Tí ẹ bá wá kó ìlà méjì lé ara wọn, etí ìrán méjèèjì á kọlura, wọ́n á há mọ́ra, ẹ ó sì fi ìka mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n há sí yẹn ni igun mẹ́rin á ti pàdé géérégé. Bí etí méjèèjì bá kọrí sí apá kan náà, igun kò ní pàdé, bó ti wù kí ẹ fi píìnì pọ̀ tó.

4. Ẹ rán ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ wọn bùlọ́ọ̀kù: ínṣì 9½. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ 9¼, ẹ má tú wọn. Ẹ gé bọ́dà kúrú láti bá wọn mu. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 9¼ tí àwọn tó kù jẹ́ 9½, ẹ tú ìyẹn.

5. Ẹ rán bùlọ́ọ̀kù méjì méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ rán bọ́dà kúkúrú méjì mọ́ ọn kí ẹ tó rán gígùn méjì. Àárín gbùngbùn iṣẹ́ ni kí ẹ ti wọn gígùn bọ́dà, ẹ má wọ̀n ọ́n létí. Ẹni tó bá kàn ń rán ọ̀já gígùn lọ títí dé ìparí, tó wá ń gé àṣẹ́kù dànù, bọ́dà tirẹ̀ á máa rú bí etí ewé ẹ̀fọ́, torí etí iṣẹ́ ti fà díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nípa áyọ́ọ̀nù: ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ bí ẹni ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé.

Pípele mẹ́ta àti ìrán tó dè é

Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sórí táìsì, kí ojú rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ fi tépù oníbébà lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ kó nà, àmọ́ kó má fà. Ẹ tẹ́ aṣọ inú lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí ìta. Ẹ tẹ́ ojú àkékù lé wọn. Ẹ wá máa fi séfútì píìnì dè é, kí àyè àárín wọn jẹ́ bí ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ̀yìn tó ká kò láàárín ìrán ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, àìnà dáadáa ní ìpele yìí ló sì ń fà á.

Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí 16, ẹ jẹ́ kí ìrán gùn sí i, ojú 8 sí 10 nínú ínṣì kan. Bí máṣíìnì yín bá ní ìdè tó ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lókè, ẹ tú u díẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ ló ń fa aṣọ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òkè ń dá aṣọ ojú dúró. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ jù, ojú á máa kó jọ síwájú. Ẹ rán ìlà àárín kọ́kọ́, kí ẹ máa lọ sí ìta. Fún àkọ́kọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ojú ìrán bùlọ́ọ̀kù lọ, tàbí kí ẹ lẹ tépù oníbébà láti igun dé igun, kí ẹ máa rán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òwú bá di ìdìpọ̀ lẹ́yìn aṣọ, ẹ má dá bọ́bìnnì lẹ́bi. Òwú òkè ni kò wọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ pátápátá, ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, ẹ tún òwú ki bọ ibẹ̀.

Ẹ gé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó dọ́gba. Ẹ rán ọ̀já ìgbátí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní orí sí ìdí kí wọ́n di ọ̀já gígùn kan, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì lóòró, kí ẹ rán etí tó ṣí mọ́ ojú iṣẹ́ pẹ̀lú ¼. Bó bá ku ¼ kẹ́ ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ gé òwú. Ẹ ká ìgbátí sókè tààrà, ẹ ká a padà sísàlẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀. Ẹ nílò bí ínṣì 100 ìgbátí, ọ̀já mẹ́ta sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n tuntun, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan

*Onígun mẹ́ta.* Ẹ gé onígun mẹ́rin ínṣì 4 méjì, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan mọ́. Ẹ kojú wọn síra, ẹ fa ìlà láti igun dé igun, ẹ rán ¼ sí apá ọ̀tún ìlà àti ¼ sí apá òsì, ẹ wá gé e lójú ìlà. Méjì ló máa jáde. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gé e sí 3½. Iye tí a fi lé e (½) ju ohun tó yẹ lọ díẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àyè lè wà láti gé e gún. Báyáàsì ni ojú ìrán yìí, ẹ má fi omi wọ́n ọn nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́.

*Ọ̀já orí ìwé.* Èyí dára fún àkékù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tó ínṣì 3½. Ẹ gé ìwé ẹ́kíṣáásì sí ínṣì 6½ lọ́nà méjèèjì. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, yíǹkì rẹ̀ á ba aṣọ jẹ́. Ẹ tẹ́ ọ̀já kan láti igun dé igun, ẹ kojú ìkejì lé e, ẹ rán in mọ́ ìwé, ẹ ṣí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa bá a lọ títí ìwé á fi bò. Kí ìrán kúrú gan-an, ojú 18 sí 20 nínú ínṣì kan, kí ìwé lè ya kúrò wẹ́rẹ́. Mẹ́sàn-án irú rẹ̀ á di ínṣì 18 tí a nílò, bọ́dà kan náà á sì bá a mu.

*Káwáńdì.* Nínú gbogbo rẹ̀, èyí la fẹ́ràn jù fún ilé tí iná kì í dúró, torí abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń fẹ́. Àwọn obìnrin Siddi ní ìpínlẹ̀ Karnataka ní Íńdíà ló ni ín, àwọn àtọmọdọ́mọ ará Áfíríkà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ láyé ìgbà kan. Wọn kì í rán ojú tán kí wọ́n tó pele rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀, láti etí wá sí àárín.

Ẹ gé aṣọ ẹ̀yìn ínṣì 19, aṣọ inú ínṣì 18. Ẹ fi aṣọ inú sí àárín, ẹ ká ½ ínṣì aṣọ ẹ̀yìn wá bò ó yí ká. Ẹ mú àkékù kan, ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì wọlé, ẹ gbé e sí igun kí ó bá etí dọ́gba, ẹ fi ìrán wọlé-jáde la gbogbo ìpele já. Ẹ ṣẹ́ etí èyí tó tẹ̀ lé e, kó bo etí tó ṣí lára ti ìṣáájú. Ẹ máa yí i ká báyẹn, kí ìlà ìrán kan jìnnà sí èkejì ní ¼ sí ½ ínṣì, títí ẹ ó fi dé àárín. Kò nílò ìgbátí rárá. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn Siddi máa ń fi aṣọ kékeré tí wọ́n ká sí onígun mẹ́ta há a. Phula ni wọ́n ń pè é, òdòdó ni.

Ẹni tó ti ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ní ọwọ́ fún èyí, ìrán kan náà ni. Ìṣòro rẹ̀ nìkan ni pé alábẹ́rẹ́ máa ń fa òwú pọ̀ kó lè ká mọ́ aró lẹ́nu. Níhìn-ín, ẹ má fà á. Lẹ́yìn ojú mẹ́rin márùn-ún, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ́ ìlà náà kó nà. Bí àárín bá wú sókè, ó jẹ́ pé ẹ kò tẹ́ ẹ bí ẹ ti ń yí i ká.

*Àdìrẹ ẹlẹ́kọ lódidi.* Ẹ fi ègé àdìrẹ kan tó jẹ́ ínṣì 18½ rọ́pò bùlọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ilé-ilé onígun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ya ẹlẹ́kọ sí, bíi ti bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, nítorí náà bátànì ti wà nílẹ̀: ẹ tẹ̀ lé ìlà ẹ̀kọ pẹ̀lú òwú funfun. Bí ẹ kò bá ní àdìrẹ lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983 wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

*Ìrán kọ́rọkọ̀rọ.* Ẹ sọ eyín máṣíìnì kalẹ̀ tàbí kí ẹ fi páálí bò ó, ẹ fi òrùka iṣẹ́ ọnà na aṣọ, ẹ máa fi ọwọ́ darí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí àyà agbádá ló mọ̀ ọ́n jù; ẹ lọ wo ọwọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà onípele mẹ́ta, ínṣì 10, kọ́wọ́. Bí ìrán kan bá gùn tí òmíràn kúrú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò tíì rìn pọ̀: ẹ yára lẹ́sẹ̀, kí ẹ rọra lọ́wọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fọ kúílìtì tó ní àdìrẹ nínú, ẹ fọ̀ ọ́ lóun nìkan nínú omi tútù, kí ẹ ju ègé aṣọ funfun kan sínú omi náà láti wo bóyá aró ṣì ń ṣí. Bó bá ń ṣí, ẹ má jẹ́ kó jókòó sínú omi. Ẹ ṣàn án kíákíá. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ omi kúrò lára rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ òjìji, torí bí ẹ bá fi kọ́ sórí okùn nígbà tó ṣì tutù, ìwúwo omi á fa igun rẹ̀ wọ́.